Ìgbà wo ni orin yìí máa bẹ̀rẹ̀ gan-an? Àlàyé lórí orin Jámánì tí wọ́n ń pè ní Krautrock

Lọ́jọ́ kan, mo ń gbọ́ àwo orin kan nínú yàrá, àbúrò mi obìnrin wọlé, ó jókòó tì mí. Kò sọ nǹkan kan fún bí ìṣẹ́jú mẹ́rin. Ìgbà tó yá ló yíjú sí mi, ó ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, ìgbà wo ni orin yìí máa bẹ̀rẹ̀ gan-an?" Mo ní ó ti bẹ̀rẹ̀ tipẹ́. Ó ní, "Háà! Èmi rò pé wọ́n ṣì ń dán ẹ̀rọ wọn wò ni." Ó rẹ́rìn-ín, ó dìde, ó lọ wo ọbẹ̀ tó gbé kaná. Nígbà tó padà dé, orin kan náà ló ṣì ń lọ, pẹ̀lú ìlù kan náà. Lọ́tẹ̀ yìí kò bèèrè nǹkan kan mọ́. Ó jókòó, ẹsẹ̀ rẹ̀ sì ń lu ilẹ̀ ní tiẹ̀, òun alára kò mọ̀.

Ohun tó ṣe ẹsẹ̀ rẹ̀ yẹn ni mo fẹ́ ṣàlàyé. Orin tí à ń gbọ́ ni "Hallogallo", orin àkọ́kọ́ nínú àwo àkọ́kọ́ tí ẹgbẹ́ Neu! gbé jáde ní 1972. Ó tó ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Kò ní ègbè, ẹnikẹ́ni kò kọrin nínú rẹ̀, kò sì síbi tó ti gbóná dé góńgó kó tó rọlẹ̀. Ẹni tó bá ń dúró de ègbè níbẹ̀ máa dúró títí ilẹ̀ á fi ṣú. Ibi tí ọ̀pọ̀ èèyàn ti ń ṣìnà nìyẹn: wọ́n ń retí orin tí wọ́n mọ̀, wọn kò sì gbọ́ èyí tó wà níwájú wọn.

Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ yanjú ọ̀rọ̀ orúkọ. Krautrock ni ayé ń pe irú orin yìí, ṣùgbọ́n àwọn tó ṣe é kọ́ ló sọ ọ́ bẹ́ẹ̀. "Kraut" ni èébú tí àwọn sójà Gẹ̀ẹ́sì àti ti Amẹ́ríkà fi ń bú àwọn ará Jámánì nígbà ogun, nítorí kábéèjì kíkan tí wọ́n fẹ́ràn láti máa jẹ. Àwọn oníwèé ìròyìn orin ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ló so ó mọ́ rock, ó sì lẹ̀ mọ́ wọn lára. Bí ìgbà tí àjèjì kan bá dé, tó gbọ́ fújì, tó wá sọ ọ́ ní "orin àwọn aláàmàlà" ni. Púpọ̀ nínú àwọn olórin náà kò fẹ́ràn rẹ̀. Ẹgbẹ́ Faust ní tiwọn kò jà; wọ́n fi èébú náà ṣe orúkọ orin kan tó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìṣẹ́jú méjìlá, òun ni wọ́n sì fi ṣí àwo wọn ti 1973, Faust IV.

Ohun kejì tó ń da èèyàn láàmú ni pé wọ́n máa ń sọ nípa Krautrock bí ẹni pé irú orin kan ṣoṣo ni. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ẹgbẹ́ Can wà ní Cologne, Neu! àti Kraftwerk ní Düsseldorf, Tangerine Dream àti Ash Ra Tempel ní Berlin, Amon Düül II, Popol Vuh àti Embryo ní Munich, Faust sì wà ní abúlé kan tó ń jẹ́ Wümme, níbi tí wọ́n ti ń gbé nínú ilé ẹ̀kọ́ àtijọ́ kan. Ẹ fi Popol Vuh sí i lẹ́yìn Faust, ẹ ò ní gbà pé orílẹ̀-èdè kan náà ni wọ́n ti wá. Ohun tó so wọ́n pọ̀ ni ohun tí gbogbo wọn ń sá fún.

Kí ni wọ́n ń sá fún? Ẹ wo ọdún tí wọ́n bí wọn. Irmin Schmidt tó ń tẹ dùùrù nínú Can, 1937 ni wọ́n bí i. Holger Czukay tó ń ta báàsì, 1938. Michael Karoli onígìtá, tó kéré jù nínú wọn, 1948. Inú àlàpà ogun ni wọ́n dàgbà sí, lọ́wọ́ àwọn òbí àti olùkọ́ tí púpọ̀ nínú wọn ti bá Hitler ṣe, tí wọn kì í sì í fẹ́ kí ẹnikẹ́ni bi wọ́n. Orin tó gbòde nílé ni Schlager, orin ìfẹ́ dídùn tí kò ní ẹ̀gún, tó ń ṣe bí ẹni pé nǹkan kan kò ṣẹlẹ̀ rí. Èkejì ni rock àti blues tó ń tọ̀dọ̀ Amẹ́ríkà àti Gẹ̀ẹ́sì wá, tí rédíò àwọn sójà tó kù sí ìlú wọn ń gbé sáfẹ́fẹ́. Àwọn ọ̀dọ́ yìí fẹ́ràn rẹ̀ dáadáa, ṣùgbọ́n wọ́n wò ó pé blues ní àwọn tó ni ín, ìyà àwọn ẹlòmíràn ló bí i; ọmọ Cologne tó bá ń kọ ọ́, ó ń fara wé ni. Tí a kò bá fẹ́ orin bàbá wa, tí a kò sì fẹ́ jalè orin aládùúgbò, kí ló kù? Ìdáhùn wọn ni pé kí wọ́n tún un bẹ̀rẹ̀ láti orí òfo. Kì í ṣe lásán ni ẹgbẹ́ kan fi pe ara rẹ̀ ní Neu!, tó túmọ̀ sí "tuntun", pẹ̀lú àmì ìyanu lẹ́yìn rẹ̀ bí ìpolówó ọṣẹ.

Ìdí nìyí tí ọ̀rọ̀ "psychedelic" fi wọ inú rẹ̀. Ní nǹkan bí 1966 sí 1967, àwọn olórin Amẹ́ríkà àti Gẹ̀ẹ́sì ti ń ṣe orin tó dà bí àlá, tí LSD, oògùn tó ń mú èèyàn rí ohun tí kò sí níbẹ̀, wà lẹ́yìn púpọ̀ nínú rẹ̀: gohùngohùn tó ń dún lọ gbére, gìtá tí wọ́n yí tépù rẹ̀ sẹ́yìn, ohùn tó ń ti etí kan bọ́ sí èkejì. Ṣùgbọ́n lọ́dọ̀ tiwọn, orin ṣì ni: ẹsẹ̀, ègbè, ẹsẹ̀, ègbè, kí àlá tó bẹ̀rẹ̀ láàárín. Àwọn ará Jámánì yọ orin kúrò, wọ́n fi àlá sílẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí a padà sórí "Hallogallo", ká sì fetí sí i dáadáa. Ìlù Klaus Dinger ló ń gbé gbogbo rẹ̀ lọ. Mẹ́rin-mẹ́rin ló ń kà, kò dún kọjá bó ṣe yẹ, kò fi ọ̀nà sílẹ̀ lọ ṣe àrà, bí mọ́tò tó ti bọ́ sójú títì márosẹ̀ tí awakọ̀ rẹ̀ kò tẹ búrékì mọ́. Motorik ni àwọn oníwèé ìròyìn ń pe ìlù yìí. Dinger kò fẹ́ràn orúkọ náà. Gìtá Michael Rother wà lókè. Ọ̀kan ń dún wúyẹ́wúyẹ́ bí ẹni fọwọ́ bo okùn rẹ̀, òmíràn ń fò lọ bọ̀, òmíràn tún gùn lé e. Kò sí ìgbà kan tí ẹ máa lè sọ pé, "Ó yá, ó ti yí padà." Díẹ̀díẹ̀ nimú ẹlẹ́dẹ̀ ń wọgbà. Ní ìṣẹ́jú kẹfà ẹ máa ṣàkíyèsí pé ibi tí ẹ wà kọ́ nìyí tẹ́lẹ̀, ẹ ò sì ní rántí ìgbà tí ẹ kúrò níbẹ̀.

Ẹni tó bá ti jókòó ti agbo dùndún rí ní ohun tó lè fi wọlé. Ẹ mọ̀ pé gúdúgúdú àti omele kì í sọ púpọ̀. Ohun kan náà ni wọ́n ń tẹnu mọ́ láti alẹ́ dòwúrọ̀, ìyáàlù ló ń sọ̀rọ̀ lórí wọn, tó ń kì, tó ń bú, tó ń pe ẹni tó bá wọlé. Ó dáa, ẹ fojú inú wo agbo kan tí gúdúgúdú àti omele ti ń lọ, tí ìyáàlù kò sì dé. Gbogbo èèyàn ń wo ẹnu ọ̀nà. Ó pẹ́, ó pẹ́, kò dé. Nígbà tó yá, etí yín á bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ́ omele fúnra rẹ̀, gbogbo kékeré tó wà nínú rẹ̀ tí ẹ kò gbọ́ rí nítorí pé ìyáàlù ló máa ń gba ojú yín. Bí mo ṣe ń gbọ́ Neu! nìyẹn. Wọn kò kí ẹnikẹ́ni, wọn kò náwó fún ẹnikẹ́ni, ìlù kàn ń lọ.

Kì í ṣe èmi nìkan ni mo ronú débẹ̀. Brian Eno, olórin ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ni wọ́n máa ń sọ pé ó ní ìlù ńlá mẹ́ta ló jáde ní àwọn ọdún 1970: afrobeat ti Fela Kuti, funk ti James Brown, àti ìlù Neu! ti Klaus Dinger. Mo fara mọ́ ọn, àmọ́ kí ẹnikẹ́ni má rò pé ọ̀kan náà ni mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Tony Allen tó lu ìlù fún Fela, ọwọ́ méjèèjì àti ẹsẹ̀ méjèèjì rẹ̀ ń sọ ọ̀rọ̀ mẹ́rin ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, wọ́n ń dá ara wọn lóhùn, ó ń yí, ó ń fò, ó ń sinmi. Ti Dinger kì í yà sí ọ̀tún, kì í yà sí òsì. Ohun tó pa wọ́n pọ̀ ni sùúrù: àwọn méjèèjì gbà pé tí nǹkan bá dáa, kò sí ìdí tí a fi gbọ́dọ̀ fi í sílẹ̀ ní ìṣẹ́jú mẹ́ta.

Jaki Liebezeit, onílù Can, gba ọ̀nà míì dé ibẹ̀. Ó ti lu jazz tí kò ní òfin rí, irú èyí tí ohun kan kì í ṣẹlẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì. Òun fúnra rẹ̀ ló máa ń sọ ìtàn náà pé ẹnì kan tó wá gbọ́ ọ níbi eré tọ̀ ọ́ wá lẹ́yìn náà, tó sì sọ fún un pé kó máa lu ohun kan náà lálùtúnlù. Lójú onílù jazz, èébú ńlá nìyẹn. Liebezeit fi sọ́kàn. Ẹ gbọ́ "Halleluhwah" nínú àwo Tago Mago ti 1971, tó lé ní ìṣẹ́jú méjìdínlógún: ìlù náà ń jó, kì í sáré tààrà bíi ti Dinger, ó ní ìbàdí. Báàsì Czukay kò ju ohùn bíi mélòó kan lọ. Lórí wọn ni Damo Suzuki ń kọrin, ọmọ Japan kan tí Czukay àti Liebezeit rí lójú pópó ní Munich ní 1970, níbi tó ti ń pariwo tó ń ṣeré fún àwọn tó ń kọjá, wọ́n sì ní kó wá bá àwọn kọrin lálẹ́ ọjọ́ náà gan-an. Kò sí ìdánrawò kankan. Ọ̀rọ̀ ẹnu rẹ̀, Gẹ̀ẹ́sì díẹ̀, ohun tí kì í ṣe èdè ẹnikẹ́ni díẹ̀. Ẹ má wulẹ̀ wá ìtumọ̀ rẹ̀. Ohùn rẹ̀ náà jẹ́ ohun èlò kan láàárín àwọn tó kù.

Ibi tí mo fẹ́ràn jù nínú ọ̀rọ̀ Can ni bí wọ́n ṣe ń gbohùn sílẹ̀. Ẹ̀rọ tí wọ́n ní kò ju èyí tó ń gba ohùn méjì lọ, nígbà tí àwọn ẹgbẹ́ ńlá ti ń lo èyí tó ń gba mẹ́jọ àti mẹ́rìndínlógún. Nítorí náà, gbogbo wọn á jókòó pọ̀, wọ́n á máa lù ú fún wákàtí púpọ̀, Czukay á sì jẹ́ kí tépù máa yí, títí kan ìgbà tí àwọn tó kù rò pé àwọn ń sinmi ni. Lẹ́yìn náà ló máa wá mú abẹ, á gé tépù náà, á mú èyí tó dáa níhìn-ín, á lẹ̀ ẹ́ mọ́ èyí tó dáa lọ́hùn-ún. Òun àti Schmidt ti jẹ́ ọmọ ẹ̀kọ́ Karlheinz Stockhausen, ọ̀gá àgbà orin àgbélẹ̀rọ ní Cologne, ẹni tó ti ń gé tépù láti àwọn ọdún 1950. Ohun tí ẹ ń gbọ́ bí ẹni pé ẹ̀mí kan ló gbé wọn, iṣẹ́ télọ̀ wà nínú rẹ̀. Ilé sinimá àtijọ́ kan ní Weilerswist ni wọ́n kó lọ lẹ́yìn Tago Mago; wọ́n gbé tìmùtìmù àwọn sójà kọ́ ara ògiri yí ká kí ohùn má baà máa dún padà.

Ibẹ̀ ni Ege Bamyasi ti 1972 ti jáde, ẹ jọ̀ọ́, ẹ wo iwájú páálí àwo yẹn. Agolo ilá ni! Ilá tí à ń rẹ́ síbi ọbẹ̀. Èdè Turkey ni orúkọ àwo náà, "ilá Aegean", nítorí àwọn ará Turkey tó wá ṣiṣẹ́ ní Jámánì pọ̀ nígbà náà, oúnjẹ wọn sì ti wà lórí àtẹ níbẹ̀. "Can" jẹ́ agolo lédè Gẹ̀ẹ́sì, ó sì jẹ́ ẹ̀mí lédè Turkey, àwàdà náà dùn mọ́ wọn. (Okra tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì ń pe ilá, èdè Ìgbò ni wọ́n ti mú un.) Nínú àwo yìí ni "Spoon" wà, tí wọ́n fi ṣí eré tẹlifíṣọ̀n kan, tó sì wọ àárín orin mẹ́wàá tó tà jù ní Jámánì. Àwọn tó ń sọ pé orin yìí kò lè kúrú, kò lè dùn, ẹ ní kí wọ́n gbọ́ "Spoon" àti "Vitamin C".

Àwọn ará Berlin gba ọ̀nà ti wọn. Níbẹ̀ àti lọ́dọ̀ Popol Vuh ní Munich, ìlù fẹ́rẹ̀ẹ́ má sí rárá. Kosmische Musik, orin òfuurufú, ni wọ́n ń pe èyí, orúkọ náà sì wu àwọn kan nínú wọn ju ti kábéèjì lọ. Nínú Phaedra ti Tangerine Dream, 1974, ẹ̀rọ kan ló ń tún ohùn kúkúrú mélòó kan pè láìsinmi, bí omi tó ń kán sínú agbada, ohùn rẹ̀ sì ń yẹ̀ díẹ̀díẹ̀ bí ẹ̀rọ ṣe ń gbóná. Wọ́n fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Orin alẹ́ ni, nígbà tí iná bá ti lọ tí àdúgbò sì ti dákẹ́.

Mi ò ní purọ́ fún yín pé gbogbo rẹ̀ ló dáa. Orin ọ̀pọ̀ ẹgbẹ́ nínú wọn kò ju kí èèyàn mẹ́rin mu igbó, kí wọ́n tẹ tépù, kí wọ́n sì gbàgbé láti pa á. Neu! gan-an ṣe ohun kan tí inú ń bí àwọn tó ra àwo wọn títí dòní: nígbà tí wọ́n ń ṣe àwo kejì ní 1973, owó tán ní ìdajì. Wọ́n mú orin méjì tí wọ́n ti gbé jáde tẹ́lẹ̀, wọ́n fi sórí ẹ̀rọ kí ó sáré ju bó ṣe yẹ lọ, wọ́n tún fi í falẹ̀ wọ́ọ́rọ́wọ́, wọ́n fi kún ojú kejì. Àwọn kan ní ọgbọ́n tó ga ni. Lójú tèmi, àìlówó ni, ṣùgbọ́n mo gbóríyìn fún ìgboyà. Ti Faust sì wà. Àwo wọn àkọ́kọ́, 1971, mọ́ gaara tí èèyàn lè rí ìdí rẹ̀, wọ́n ya ẹ̀ṣẹ́ tí wọ́n fi X-ray yà sórí páálí rẹ̀, nítorí Faust túmọ̀ sí ẹ̀ṣẹ́. Orin inú rẹ̀ ń já, ó ń lẹ̀, ó ń pariwo bí ọjà tí òjò ká mọ́. Ní 1973, ilé iṣẹ́ Virgin ta The Faust Tapes ní 49 pẹ́ńsì, owó àwo kékeré tó ní orin kan lójú kọ̀ọ̀kan. Ọ̀pọ̀ ọmọ Gẹ̀ẹ́sì ló rà á nítorí pé ó pọ́ọ́kú, wọ́n délé, wọ́n gbé e sí i, ojú wọn là.

Ilẹ̀ Áfíríkà wa náà ò sí lẹ́yìn nínú ìtàn yìí. Ní 1977, Rebop Kwaku Baah, onílù ọmọ Ghana tó ti bá ẹgbẹ́ Traffic ṣeré ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, darapọ̀ mọ́ Can, ó wà nínú àwo Saw Delight. Èyí tó sún mọ́ ilé jù ni ti Embryo, ẹgbẹ́ Christian Burchard ní Munich, àwọn tó fi bọ́ọ̀sì rìn láti Jámánì dé India, tí wọ́n ń bá onílù ìlú kọ̀ọ̀kan ṣeré bí wọ́n ṣe ń lọ. Ní 1985, wọ́n gbé àwo kan jáde pẹ̀lú Yoruba Dun Dun Orchestra, Múráínà Oyèlámì ló ṣáájú wọn. Oyèlámì yìí ni ayàwòrán ọmọ Ìrágbìjí tó ti inú ẹgbẹ́ eré Dúró Ládípọ̀ ní Òṣogbo wá. Níhìn-ín, ìyáàlù dé sí agbo nígbẹ̀yìn.

Tó bá wù yín láti gbìyànjú rẹ̀, ẹ má fi ẹ̀rọ fóònù tó ń ké gee gbọ́ ọ; báàsì ló ṣe pàtàkì, ẹ wá íápíìsì tó dáa. Ẹ fi "Vitamin C" bẹ̀rẹ̀, kí ẹ tó wá bọ́ sí "Hallogallo" nínú mọ́tò lójú ọ̀nà tó dán, bí ẹ bá rí ọ̀kan. "Autobahn" ti Kraftwerk, 1974, tẹ̀ lé e: ìṣẹ́jú méjìlélógún lórí ìrìn-àjò mọ́tò, láti ìgbà tí wọ́n ti ilẹ̀kùn pa tí wọ́n sì ṣíná sí i. Lẹ́yìn náà, gbogbo Ege Bamyasi, lẹ́yìn náà Tago Mago. Orin kan wà nínú Tago Mago tó ń jẹ́ "Aumgn", ìṣẹ́jú mẹ́tàdínlógún tí Schmidt fi ń ké bí ẹni tó wà nísàlẹ̀ kànga, tí ajá ń gbó sí i. Ẹ fi ìyẹn sílẹ̀ di ìgbà míì, ẹ má sì gbé e sí i nígbà tí àlejò bá wà nílé.